Ta Ni Yóò Gbé Ọwọ́ Mósè Ró?

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 17:8-13, Aísáyà 49:14-16

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò rọrùn fún mi láti sọ, nítorí pé ẹ̀bi tèmi wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ibi tí a ti ṣe dáadáa nìkan ni àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run ń sọ, ẹ̀kọ́ díẹ̀ ni ẹ ó rí kọ́ lára wa.

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ Olúwa ní Ìsundunrin, lẹ́bàá Èjìgbò, obìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí ó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Ìyá Akápò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Aṣọ ni ó ń tà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń gbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Àbíjàn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè Èjìgbò tí wọ́n ti sọ ilẹ̀ Côte d'Ivoire di ilé kejì. Ọdún 11 ni ó fi tọ́jú owó ẹgbẹ́, kọ́bọ̀ kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹni ọdún 53 ni nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìpàdé kan, wọ́n ní kí ó wá ka ìṣirò owó ìkórè. Ó ka ìwé, ó tún un kà, iye rẹ̀ kò bára mu. Wọ́n bi í pé níbo ni owó tó kù wà. Ó wo ojú mi, ó ní, "Pásítọ̀, mi ò mọ ibi tí mo fi í sí." Ariwo sọ. Ẹnìkan ní owó Ọlọ́run kì í ṣe àjẹgbé. Èmi tí mo jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, tí ó yẹ kí n pè é sí kọ̀rọ̀ kí n bi í pé kí ló dé, ńṣe ni mo gba ìwé owó lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ẹni tí wọ́n ń nàka sí ní ìlú.

Kò pẹ́ sí i, ó lọ sí Èjìgbò, ọ̀nà tí ó ti ń rìn láti kékeré, kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ọlọ́kadà kan tí ó dá a mọ̀ ni ó gbé e délé lálẹ́. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn mìíràn ní òun fúnra rẹ̀ ni àjẹ́, pé owó ìjọ tí ó kó jẹ ló ń jà á. Wọ́n mú un lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Nígbà tí yóò fi padà dé, kò lè dá dìde dúró.

Ní bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìpàdé náà, àbúrò rẹ̀ fẹ́ se ẹ̀wà. Ó ki ọwọ́ bọ inú garawa tí wọ́n ń kó ẹ̀wà sí, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ọ̀rá kan nísàlẹ̀. Owó ìkórè ni. Ìyá Akápò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "owó ẹgbẹ́" sára bébà kan tí ó fi wé e. A ka owó náà. Náírà kan kò dín níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, n kò lè sùn ní òru ọjọ́ náà.

ÀÌSÀN NI, KÌ Í ṢE ÀJẸ́

Nọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ wa ni ó tẹnu mọ́ ọn pé kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ó mọ̀ nípa ọpọlọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, wọ́n bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n sọ fún wa pé àìsàn iyè ríra ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Alzheimer. Àwọn àgbàlagbà ni ó sábà máa ń mú, àwọn tí a máa ń sọ nípa wọn pé wọ́n ti ń ṣarán. Ṣùgbọ́n ó máa ń mú ẹlòmíràn kí ó tó pé ẹni ọdún 65, nígbà tí ó ṣì ń ṣòwò, tí ó ṣì ń tọ́ ọmọ.

Kì í ṣe àìsàn tuntun. Ní ọdún 1901, wọ́n gbé obìnrin kan tí ń jẹ́ Auguste Deter wá sí ilé-ìwòsàn ní ìlú Frankfurt, ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹni ọdún 51 ni. Dókítà Alois Alzheimer ní kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, kò lè parí rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà kú ní 1906, dókítà yìí yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí ohun tí ó ti bà á jẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó ròyìn rẹ̀ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe di orúkọ àìsàn náà nìyẹn. Ẹ wá rí i pé ẹni àkọ́kọ́ tí ó ròyìn rẹ̀ kì í ṣe arúgbó rárá, ẹgbẹ́ Ìyá Akápò wa ni.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé àìsàn àwọn òyìnbó nìyẹn. Rárá o. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára wọn, dara pọ̀ mọ́ àwọn onímọ̀ láti Indiana ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n ń bẹ àwọn tí ó ti pé ẹni ọdún 65 wò. Àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò lé ní 2,000. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà tẹ̀síwájú lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbàlagbà ní Ìdíkàn, bí 12 ni Alzheimer ń mú ní ọdún kan. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianapolis, bí 25 ni. Tiwa kéré sí tiwọn, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa. Mo fẹ́ bi ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo àjẹ́: ṣé àwọn àjẹ́ ilé wa ni wọ́n wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ bá àwọn ará Indianapolis?

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí irú àìsàn iyè ríra báyìí ń bá jà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 55. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ó mú kí wọ́n tó pé 65 nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ni ayé kì í tètè gbà gbọ́ pé ara wọn kò yá.

Nítorí náà, bí ẹnìkan nínú ilé yín bá ń bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, bí ìṣirò owó tí ó mọ̀ dunjú bá ń dà á láàmú, bí ó bá ń sọnù ní ọ̀nà tí ó mọ̀, bí orúkọ nǹkan kò bá wá sí i lẹ́nu mọ́, tàbí bí ìwà rẹ̀ bá yí padà láìnídìí, ẹ má ṣe bú u. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ìdí rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo iyè ríra ni Alzheimer. Àìtó fítámì B12 lára, àìsàn thyroid ní ọrùn, àtẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú ọpọlọ nígbà tí ènìyàn forí gbá nǹkan, ìbànújẹ́ ọkàn tí ó pọ̀ jù, àní oògùn mìíràn tí à ń lò pàápàá, gbogbo ìwọ̀nyí lè mú kí ènìyàn máa gbàgbé, dókítà sì lè rí nǹkan ṣe sí wọn bí a bá tètè dé. Ní ti Alzheimer, títí di òní kò sí oògùn tí ń wò ó sàn pátápátá. Àwọn oògùn kan wà tí ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ díẹ̀. Ohun tí ó kù, ọwọ́ ènìyàn ni.

OHUN TÍ ÁÁRÓNÌ ÀTI HÚRÌ ṢE

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ibi kíkà wa. Nígbà tí Ísírẹ́lì ń bá Ámálékì jà, bí Mósè bá gbé ọwọ́ sókè, Ísírẹ́lì a borí. Bí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀, Ámálékì a borí. Ọwọ́ Mósè sì wúwo. Ẹ kíyèsí ohun tí Áárónì àti Húrì kò ṣe. Wọn kò bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó ṣẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fi wúwo. Wọn kò gba ipò rẹ̀. Wọn kò lọ sínú ibùdó lọ máa sọ pé Mósè ti parí. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ṣe.

Èkíní, wọ́n gbé òkúta sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè jókòó. Wọ́n mú nǹkan rọrùn fún un. Ohun tí àwa náà gbìyànjú láti ṣe fún Ìyá Akápò nìyẹn. A kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà tẹlifóònù ilé sí bébà, a fi í sínú àpò rẹ̀. A ní kí gbogbo ohun tí ó ń lò máa wà lójú kan. A kọ́ láti má ṣe bá a jiyàn. Bí ó bá ní ọkọ òun ń bọ̀ láti oko, a kì í ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ti kú ni?" A ó ní kí ó sọ ìtàn ọkọ rẹ̀ fún wa, yóò sì máa rẹ́rìn-ín.

Èkejì, ọ̀kan dúró ní apá kan, èkejì ní apá kejì. Ẹ̀yin ará, ẹnìkan kò lè gbé ẹrù yìí. Àbúrò rẹ̀ ti fi òwò rẹ̀ sílẹ̀, kì í sùn, kì í jáde. Ní ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé, "Pásítọ̀, èmi gan-an fẹ́ẹ̀ máa ya wèrè." A ti ń gbàdúrà fún aláìsàn, kò sí ẹni tí ó bèèrè ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn obìnrin ìjọ pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ẹnìkan ń wá jókòó tì í lọ́jọ́ Ajé, ẹlòmíràn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ lè lọ sí ọjà, kí ó lè fi ojú kan oorun. Àwọn ọmọ ń fi owó ránṣẹ́ láti Àbíjàn, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n owó kì í wẹ ènìyàn, owó kì í bu oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Àṣà wa kò ṣàì mọ èyí. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, kò ti gbogbo àwọn tí ọpọlọ wọn kò yá mọ́ inú ilé-ìwòsàn. Ó ní kí ẹbí kan tẹ̀lé aláìsàn wá, kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé ìtòsí, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ènìyàn ni aṣọ ènìyàn. Àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè wá wo iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí ìjọ Kristi ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, wọ́n dúró títí oòrùn fi wọ̀. Àìsàn yìí kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan, ọdún pípẹ́ ni. Bí ó ti ń lọ ni ó ń le sí i. Kì í ṣe ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì ni ó tó ó.

BÍ MO BÁ GBÀGBÉ JÉSÙ ŃKỌ́?

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo dúró níwájú ìjọ, mo dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Akápò. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ ṣeun, Pásítọ̀." N kò lè sọ bóyá ó ṣì rántí ohun tí mo ń tọrọ àforíjì lé lórí. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ìwọ tí o ń kà mí: bí o bá ti fi ẹnu ba irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́, lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí, nígbà tí ó ṣì lè gbọ́ ọ yé.

Kí àìsàn náà tó wọ̀ ọ́ lára gan-an, ó bi mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Pásítọ̀, bí mo bá gbàgbé orúkọ Jésù ńkọ́?" N kò rí nǹkan sọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí Aísáyà orí 49 fún un. Ibẹ̀ ni Olúwa ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìyá gbàgbé ọmọ tí ó ń fún lọ́mú, ṣùgbọ́n Òun kò ní gbàgbé tiwa, nítorí Ó ti kọ wá sí àtẹ́lẹwọ́ Rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Akápò, bí iyè tiyín bá ra, tiẹ̀ kì í ra. Òun ni yóò máa rántí yín." Ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fi máa kúrò ní Ìsundunrin, kò mọ orúkọ mi mọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn akọrin bá ti bẹ̀rẹ̀ orin àtijọ́, ẹnu rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í mì, yóò sì bá wọn kọ ọ́ dópin. Obìnrin méjì a máa jókòó tì í, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.

Bí ó bá jẹ́ ìwọ tìkára rẹ ni o ti ń kíyèsí pé iyè rẹ ń ra, má ṣe fi pamọ́. Sọ fún ọkọ tàbí aya rẹ, sọ fún dókítà, sọ fún olùṣọ́-àgùntàn rẹ. Mósè kò tijú pé ọwọ́ òun wúwo. Ìwọ tí ara rẹ sì le, ní ọ̀sẹ̀ yìí, wo inú ìjọ rẹ: ta ni a kò rí mọ́? Lọ sí ilé rẹ̀. Má lọ bèèrè ohun tí ó ṣe é. Lọ jókòó tì í.

Àdúrà: Olúwa, dárí jì wá níbi tí a ti fi ẹ̀sùn kan aláìsàn. Fún àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú ní okun àti ìsinmi. Rántí àwọn tí kò lè rántí ara wọn mọ́, kí O sì sọ wá di ọwọ́ tí ń gbé ọwọ́ wọn ró, títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.