Òmùwẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Kan Tó Gba Wúrà ní Àbújá

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, nígbà tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní Àbújá, ọmọbìnrin kan láti Gúúsù Áfíríkà bọ́ sínú omi láti lúwẹ̀ẹ́ 800 mítà. Ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n jọ díje pé méjì. Ní ti òun, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ní orúnkún. Wọn kò dín ọ̀nà kù fún un, wọn kò sì jẹ́ kí ó ṣáájú wọn gbéra. Síbẹ̀, òun ló gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Natalie du Toit ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 19 sì ni nígbà náà.

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin olórí ilé, kì í ṣe láti fi dá yín lára yá lásán ni a ṣe mú ìtàn yìí wá. Ní Òṣogbo, ní Iléṣà àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká, ọmọ tí ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ kò lágbára wà nínú ilé mìíràn tí aládùúgbò kò mọ̀ pé ó wà. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, wọn a gbé e wọ yàrá. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, òun a jókòó sí ojú kan títí wọn yóò fi dé. Ohun tí kì í yé irú òbí bẹ́ẹ̀ ni pé ìjókòó náà gan-an ń dá kún ìṣòro ọmọ. Iṣan tí a kò lò a máa joro, oríkèé tí a kò nà a máa ká kò. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹsẹ̀ tí ì bá nà kò ní nà mọ́.

Ìlú Cape Town ni wọ́n ti bí Natalie, ní ọdún 1984. Láti kékeré ló ti ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì ti ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14. Ní oṣù kejì ọdún 2001, bí ó ti ń ti ibi ìdánrawò bọ̀ lórí alùpùpù kékeré, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan kọlù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, àwọn dókítà sì gé e. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn rárá, ó ti padà sínú omi. Kí ẹ fi ọkàn sí ibi yìí o. Ara rẹ̀ kò dúró de ẹsẹ̀ kí ó tó máa ṣiṣẹ́, àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò sì sọ pé kí ó lọ sinmi sílé títí ayé.

Ní ọdún 2002, níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní Manchester, ó gba wúrà méjì láàárín àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì tún yege dé ìpele àṣekágbá nínú 800 mítà ti àwọn tí ara wọn pé. Lẹ́yìn èyí ni ti Àbújá tí a ti sọ. Ó gbìyànjú láti bá wọn lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2004, ṣùgbọ́n kò yege. Ìdíje Paralympic ti àwọn aláàbọ̀ ara ló lọ ní ọdún náà, ó sì gba wúrà márùn-ún bọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2008 ní Beijing, ó bá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà mẹ́wàá nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Ipò 16 ló wà, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ tí ẹni àkọ́kọ́ fi ṣáájú rẹ̀. Òun náà ló gbé àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ìdíje méjèèjì ti ọdún yẹn. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìntì ní ọdún 2012, wúrà tó ti gbà nínú ìdíje Paralympic ti pé 13, fàdákà sì jẹ́ méjì.

Ẹnìkan lè béèrè pé báwo ni ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣe lè bá ẹlẹ́sẹ̀ méjì dé. Ìdí kan ni pé nínú ìlúwẹ̀ẹ́ ọ̀nà jíjìn, apá ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìdí kejì wà nínú omi fúnra rẹ̀, òun ló sì kan àwa tí a ń tọ́ ọmọ. Omi a máa gbé ara. Bí ènìyàn bá dúró nínú omi tó dé ìbàdí, nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rù. Bí omi bá dé ọrùn, kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e lórí ilẹ̀ lè dúró nínú omi, kí ó sì gbé ìṣísẹ̀. Bákan náà ni omi ń dènà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń rìn, èyí sì ń mú kí iṣan le. Àwọn àgbà kan a máa gbẹ́ ilẹ̀, wọn a gbé ọmọ tí kò tètè rìn dúró sínú rẹ̀. Èrò wọn kò burú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ di ọmọ mú ni, kò jẹ́ kí ó rìn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí èyí gbé ọmọ lọ sí odò. Ìwakùsà wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ba omi odò Ọ̀ṣun jẹ́ dé ibi pé ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ wa kìlọ̀ pé kí àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo má ṣe mu ún. Omi tí kò sàn dáadáa létí odò àti létí ìdídò tún máa ń ní ìgbín kéékèèké tí ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, èyí tí ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi rẹ̀ mọ́ kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn fisíótẹ́rápísìtì, ìyẹn àwọn tí ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, lè kọ́ ìyá bí yóò ṣe máa na ẹsẹ̀ ọmọ nínú ọpọ́n ńlá tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú omi ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, pàápàá ọmọ tí wárápá ń ṣe. Omi inú ọpọ́n tó láti pa ọmọ kékeré.

Ìjàǹbá ọkọ̀ ló gba ẹsẹ̀ Natalie. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà mìíràn ni ó sábà máa ń gbà wá. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú Lucy Ejike ní kékeré, obìnrin ilẹ̀ wa tó fi irin gbígbé gba wúrà nínú ìdíje Paralympic ní Rio ní ọdún 2016. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé ògidì kòkòrò àrùn náà ti kúrò ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ kan ṣì máa ń yọjú níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba àjẹsára. Nítorí náà ni a ṣe ń kán an sí ọmọ lẹ́nu nígbà ìbí, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Abẹ́rẹ́ ìdí tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gún bá gún ọmọ lè ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun, bí ó bá pọ̀ jù, a máa wọ inú ọpọlọ, ó sì lè sọ ọmọ di ẹni tí ara rẹ̀ ń gan. Ẹ má ṣe fi káfúrà sínú aṣọ ọmọ tuntun, nítorí ó lè fa ibà pọ́njú náà. Bí ẹyinjú ọmọ bá sì pọ́n bí ìyeyè, ẹ má fi oòrùn tàbí àgbo dán an wò, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú láti inú oyún ni ti rẹ̀ rọrùn jù, bí ẹ bá tètè mú un wá: a ó máa di ẹsẹ̀ náà ní POP, a ó máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni yóò sì rìn bí ọmọ yòókù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fà á.

Káàdì ìdàgbàsókè tí a ń fún yín ní ilé-ìwòsàn lè ràn yín lọ́wọ́ láti tètè mọ̀. Àgbègbè wa yìí ni káàdì náà ti ṣẹ̀, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí Dókítà David Morley ti ilé-ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní àwọn ọdún 1950, kí ó tó tàn ká ayé. Ọmọ tó pé oṣù mẹ́sàn-án tí kò lè dá jókòó, tàbí tó pé oṣù 18 tí kò tíì rìn, kí ẹ má ṣe sọ pé bí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ti ń pẹ́ rìn nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìlera tó súnmọ́ yín. Wọn yóò fún yín ní ìwé tí ẹ ó mú lọ sí ẹ̀ka fisíótẹ́rápì ní Wesley Guild, Iléṣà, tàbí ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ẹ mú káàdì ọmọ lọ́wọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹlòmíràn nínú ilé bá ìyá lọ, bàbá tàbí ìyá-àgbà, kí òun náà lè wo bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀ ọmọ, nítorí ojoojúmọ́ ni a ó máa ṣe é nílé, ìyá nìkan kò sì lè dá a ṣe.