Ọkọ̀ Ìtajà, Lásípíkà àti Bátìrì Tó Ń Kú Lójú Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀yin tí ẹ ń ta búrẹ́dì, ẹ̀yin tí ẹ ń fi lásípíkà polówó agbo, ẹ̀yin tí ẹ ń ta òkìríkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gúlóòbù ń tàn, fáànù kékeré ń fẹ́, fóònù ń gba iná, bẹ́ẹ̀ ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì láti ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ẹ fẹ́ máa lọ sílé, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ó dún tà-tà-tà, ó tán.

Bó bá jẹ́ ẹni tó ti tajà tán ni, ó lè wá àwọn géńdé kí wọ́n bá a ti ọkọ̀. Ẹni tó fẹ́ jí lọ kó tòmátì ní aago mẹ́rin ìdájí ń kọ́? Tòmátì ò mọ̀ pé bátìrì ti kú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì jẹ́ pé owó tí a yá lẹ́gbẹ́ la fi ra bọ́ọ̀sì yẹn. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì bá jókòó, owó tí a ó san padà ò jókòó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé bátìrì mọ́tò kì í ṣe àmù tí a lè máa bu omi inú rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Wọ́n ṣe é kó lè fi agbára ńlá yí sítáátà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, bí àḿpù 100 sí 200, kí alternator sì máa dá a padà fún un bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí òjé inú rẹ̀ fi pọ̀ tó sì fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fa iná inú rẹ̀ gbẹ, tí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ohun funfun kan á le mọ́ òjé náà lára bí ẹfun, bátìrì ò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Nígbà míràn ẹ ó máa bínú sí ẹni tó tà á fún yín, bẹ́ẹ̀ lásípíkà ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò èlé. Wọ́n máa ń kọ wáàtì sára ohun èlò iná. Ẹ fi 12 pín in, nítorí fólítì 12 ni bátìrì wa. Ohun tó bá jáde ni àḿpù tó ń jẹ. Lásípíkà wáàtì 60 tí ẹ ṣí dé góńgó, gúlóòbù LED méjì oní wáàtì 5, fáànù wáàtì 20, fóònù mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba wáàtì 10: gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 120. Àḿpù 10 nìyẹn. Láti aago márùn-ún sí mẹ́sàn-án, wákàtí 4, ẹ ti fa 40 nínú bátìrì tí wọ́n kọ 60 Ah sí lára. Bátìrì tó sì ti lo ọdún méjì nínú ooru ilẹ̀ wa kì í pé 60 mọ́. Ní tèmi, kí ẹnikẹ́ni má fà ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ìyẹn 20, wákàtí 2 péré.

Ẹ tún un wò: lásípíkà nìkan ló ń jẹ ìdajì. Ẹni tó bá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń pa á nígbà tí kò polówó, ti jèrè ọ̀pọ̀ iná. (Àwọn ará àdúgbò náà á dúpẹ́.) Ẹni tó sì ń tan iná iwájú ọkọ̀ sórí ọjà rẹ̀ ń fi gúlóòbù wáàtì 55 méjì jẹ àḿpù 9, nígbà tí LED wáàtì 5 méjì kò jẹ tó 1.

Inverter ń kọ́? Ó dára, ṣùgbọ́n òun náà ń jẹun tirẹ̀. Kó tó sọ fólítì 12 di 220, díẹ̀ á ti bá ooru lọ, bí ẹ kò bá sì so nǹkan kan mọ́ ọn, ó ṣì ń fa iná. Fóònù ò nílò rẹ̀ rárá. Ẹ lo ṣájà inú ọkọ̀. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé á kú fúnra rẹ̀ bí bátìrì bá rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í kú àfi tí bátìrì bá já sí nǹkan bí fólítì 10.5. Nígbà náà, sítáátà ò ní yí mọ́.

Ẹ ra mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò sìgá. Bátìrì tó kún, tó ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, á fi nǹkan bí 12.6 hàn, ní 12.2 ó ti tó ìdajì, ní 12.0 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ẹ bá ti rí 12.2 níbi tí ẹ ti ń tajà, ẹ pa gbogbo rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bí kò bá gòkè kúrò ní 12, alternator tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, ẹ má ra bátìrì tuntun lásán.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ká jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́?" Láti ọdún 2023 tí owó epo ti fò sókè, ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó kàn ń rọra ṣiṣẹ́ lójú kan kì í fún bátìrì ní iná tó bó ṣe ń fún un lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò lè dá 20 padà. Ìrìn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ má sì dán an wò nínú gáréèjì tí wọ́n pa dé o, èéfín yẹn ń pani láì ní òórùn.

Ohun tó tọ́ fún ẹni tó ń tajà lójoojúmọ́ ni bátìrì kejì, irú deep cycle tí àwọn onísólà ń lò, kí lásípíkà àti gúlóòbù máa jẹ lára rẹ̀. Oní-rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ á fi relay sí i, tó máa so bátìrì méjèèjì pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tó sì máa já wọn nígbà tí ẹ bá pa á. Páńẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 100 lórí ọkọ̀, pẹ̀lú controller rẹ̀, lè dá nǹkan bí 20 padà lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n ẹ fi wé bátìrì ọkọ̀ tí ẹ ń pààrọ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé láti béèrè fún àyálò.

Ẹ ní kí oní-rẹ́wáyà fi fíùsì sí ẹ̀bá orí bátìrì gan-an, ní apá pọ́sítíìfù. Fún àḿpù 10, fíùsì 15 tó, kí wáyà náà sì nípọn tó. Ẹ má gbà kó fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dí ojú fíùsì tó jó. Iná tí ìyẹn ń dá sílẹ̀ kì í mọ sórí wáyà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ sọ́dún, aago ìdágìrì àti tracker ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ kò bá ní í lò ó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò sì pọn dandan kí tracker máa ṣiṣẹ́, ẹ já orí nẹ́gátíìfù sílẹ̀. Nẹ́gátíìfù lẹ ó kọ́kọ́ já, òun náà lẹ ó sì so kẹ́yìn.