Ibà Jẹ̀funjẹ̀fun: Ibi tí Kòkòrò Rẹ̀ Ń Sá Pamọ́ sí

"Wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì, kí ló dé tí ibà yìí kò lọ?" Àwọn tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ìyẹn táífọ́ọ̀dù, ń bá jà sábà máa ń bi wá bẹ́ẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ara ni kòkòrò tó ń fà á fara pamọ́ sí.

Salmonella Typhi ni orúkọ rẹ̀. Omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ẹni tó ní in ti kàn ló ń bá wọ ara. Bó bá dé ìfun, ó ní ohun kékeré bíńtín kan lára tó rí bí abẹ́rẹ́. Lọ́dún 1998 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ hàn, lára ìbátan kòkòrò yìí kan. Inú ohun bí abẹ́rẹ́ yìí ni kòkòrò náà ń gbà da purotéènì tirẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì ìfun. Purotéènì ọ̀hún á yí ìṣe sẹ́ẹ̀lì náà padà, títí tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ yóò fi gbà á wọlé.

Èyí tó tún burú jù ń bọ̀. Ó yẹ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbé kòkòrò mì pa á, ṣùgbọ́n inú wọn gan-an ló ti ń yè. Ohun bí abẹ́rẹ́ kejì wà lára rẹ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, tí ohun tó yẹ kó pa á kì í fi ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí náà ló ń gbé e dé ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn eegun.

Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ gentamicin kì í wo táífọ́ọ̀dù. Ó lè pa kòkòrò náà nínú ike àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n agbára káká ló fi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Oògùn tí dókítà bá kọ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì lò ó tán, bí ara tilẹ̀ ti fúyẹ́.

Àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní Widal máa ń ṣini lọ́nà púpọ̀. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ti ń mú kòkòrò hù láti inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó lo oògùn. Bí a bá fi àìsàn yìí falẹ̀, ìfun lè lu, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Bí inú bá le gbandi tó sì ń dunni gidigidi, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn, lójú ẹsẹ̀.

Ara àwọn kan á yá, kòkòrò á sì kù nínú àpò òróòro wọn, tí yóò máa bá ìgbẹ́ wọn jáde. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2018 wà fún ọmọ tó ti pé oṣù 6. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.