Adágún Tí Yìnyín Sé Lórí Òkè

Gbogbo wa la mọ yìnyín tó máa ń bọ́ nígbà òjò. Àwọn ọmọdé a sá jáde lọ ṣà á, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi yọ́. Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa yìnyín tó ń pẹ́ lórí òkè, àti iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Pérù, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Lima, olú-ìlú wọn tó wà létí òkun, tó ń lọ sí ìlú Huaraz, yóò rin nǹkan bíi 400 kìlómítà. Ọ̀nà náà ń gun òkè títí yóò fi ga ju 4,000 mítà lọ. Níbẹ̀, àlejò a máa mí hẹlẹhẹlẹ, orí a sì máa fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà a sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì tí Huaraz wà, a ó sì rí àwọn òkè funfun tó tò lọ lókè ìlú.

Kí ló sọ wọ́n di funfun? Òtútù ibẹ̀ pọ̀ débi pé òjò kì í rọ̀ bí omi. Ó ń bọ́ bí òwú. Ti ọdún yìí a tẹ ti èṣí mọ́lẹ̀, títí yóò fi le bí òkúta. Bó bá nípọn gan-an, ìwúwo rẹ̀ a mú un máa wọ́ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó ti ń lọ, ó ń ha ilẹ̀ bí ọkọ́, ó ń kó òkúta àti iyanrìn síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ooru bá mú, yìnyín a yọ́, a fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n òkìtì tó kó jọ a dúró síbẹ̀. Òkìtì yìí ni wọ́n ń pè ní mọ̀réènì. Omi yìnyín tó yọ́ a dúró lẹ́yìn rẹ̀, a di adágún. Òkúta tó lọ̀ kúnná bí èlùbọ́ wà nínú omi náà. Òun ló ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tàbí bí aró tó fẹ́lẹ́. Ó dùn ún wò púpọ̀.

Àmọ́ òkìtì yìí kì í ṣe ògiri tí bíríkìlà mọ. Àwọn tó máa ń sé odò láti kó ẹja mọ̀ ọ́n: bí omi bá ti gorí ẹrẹ̀ tí a fi sé e, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbé e lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní àárọ̀ ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1941. Mọ̀réènì adágún Palcacocha, lókè Huaraz, já. Omi, ẹrẹ̀ àti àpáta ya wọ adágún mìíràn nísàlẹ̀, ìyẹn náà já. Wọ́n jọ ya wọ ìlú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìlú náà bà jẹ́, àwọn tó kú kò dín ní 1,800.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba mọ odi sí ẹnu adágún náà. Ṣùgbọ́n ayé ń gbóná sí i, yìnyín ń yọ́, omi sì tún kún. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé kí yìnyín ńlá má já bọ́ sínú rẹ̀, kí ìgbì má fo odi. Nítorí náà, láti ọdún 2011, wọ́n ń fi ọ̀pá fa omi jáde, bí a ṣe ń fi rọ́bà fa epo nínú àgbá. Àwọn ọlọ́dẹ sì ń gbé létí omi náà nínú òtútù, tọ̀sán tòru. Wọ́n ń wo bó ṣe ga tó, wọ́n sì ń fi rédíò sọ ọ́ fún àwọn ará ìsàlẹ̀.