Ẹdùn Àrá

Ẹni tí Ṣàngó bá tojú rẹ̀ wọlẹ̀ kì í bá wọn bú Ọba Kòso. Ohun tí wọ́n ní Ṣàngó fi ń wọlẹ̀ náà ni ẹdùn àrá, òkúta dídán kan tí àwọn baba ńlá gbà pé ó ń já láti òkè nígbà tí àrá bá sán. Kò tóbi, àtẹ́lẹwọ́ gba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dúdú, tàbí kí àwọ̀ ewé díẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì mú.

Bí àrá bá sán lu ilé tàbí igi, ìgbàgbọ́ ni pé ẹdùn ti rì sínú ilẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó bá wù ú ló ń hú u. Àwọn Mọ́gbà, olórí ẹlẹ́sìn Ṣàngó, ni yóò wá, tí wọn yóò gbẹ́ ilẹ̀, tí wọn yóò sì bu ètùtù lé onílé lórí: àgbò, àkùkọ, orógbó, epo, owó. Bí àrá bá pa ènìyàn, àwọn náà ni í sin òkú, ẹbí kò gbọdọ̀ dá a sin. Onílé tí iná ti jó dúkìá rẹ̀ tún ń san owó ohun tó jó o, ìyẹn sì le. Ó sì yẹ kí ènìyàn ṣàkíyèsí pé ẹni tí í gba ètùtù náà ni í hú òkúta jáde, òun náà ló sì ń gbé làbà, àpò awọ Ṣàngó, kọ́ èjìká bọ̀.

Ẹdẹ kì í ṣe ìlú tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ Ṣàngó ṣeré. Òpìtàn Samuel Johnson kọ ọ́ pé Aláàfin Kọ́rì ló fi Tìmì sí Ẹdẹ, kí ó lè lé àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń dá àwọn oníṣòwò lọ́nà. Ìtàn mìíràn ní Ṣàngó fúnra rẹ̀ ló rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná lọ, nítorí agbára rẹ̀ ti ń ba ọba lẹ́rù. Èyí ni Dúró Ládiípọ̀ gbé sórí ìtàgé nínú Ọba Kò So ní 1963. Nígbà ayé Tìmì Láoyè, ọba Ẹdẹ tó gorí ìtẹ́ ní 1946, Ulli Beier kọ odindi ìwé kan lórí àwọn ọdún òrìṣà tí wọ́n ń ṣe ní Ẹdẹ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ó jáde ní 1959.

Ní ojúbọ, inú ọpọ́n tàbí abọ́ igi ni ẹdùn ń gbé, orí odó ni wọ́n sì ń gbé abọ́ náà lé. Ní ọjọ́ Jàkúta, tí í yí po lọ́rọọrún, wọ́n á fi omi ewé tútù fọ̀ ọ́, wọ́n á fi epo pa á, wọ́n á sì da orógbó síwájú rẹ̀. Obì kò kan Ṣàngó. Omi tí wọ́n fi fọ ẹdùn kì í sì í ṣòfò. Wọ́n ń fi wẹ ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná, wọ́n ń bù ú fún obìnrin tó ń wá ọmọ, wọ́n ń wọ́n ọn sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí a bá fẹ̀sùn olè kàn ni wọ́n ń fún mu kí ó fi búra, nítorí Ṣàngó kórìíra olè àti òpùrọ́. Kí olè tó gbé e dé ẹnu, ojú á ti máa wo ojú ọ̀run. Ní ti ìwòsàn, bí agbára kan bá wà nínú omi náà, ọ̀dọ̀ ewé ló ṣeé ṣe kó ti wá. Wọ́n ti dán rinrin, ọ̀kan nínú ewé náà, wò lára ẹranko ní ilé àyẹ̀wò, ó sì dín ìrora àti ara gbígbóná kù. Tẹ̀tẹ̀, ewé ètùtù, ẹ̀fọ́ náà ni: ẹni tó fi bọ òrìṣà láàárọ̀ lè fi jẹ àmàlà lálẹ́. Òdúndún, tí omi kún inú rẹ̀, tutù lára ọmọ tí ibà ń ṣe. Òkúta ní tirẹ̀ kì í yọ́ sínú omi.

Èèwọ̀ pọ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹlẹ́sìn Ṣàngó kì í jẹ ẹ̀wà sèsé. Bí òjò bá ṣú, àwọn ìyá á ní kí a da aṣọ bo dígí, kí a má wọ aṣọ pupa jáde, kí a má di ọ̀bẹ mú. Aṣọ pupa kò pe àrá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ọkọ́ sílẹ̀ tó sì kúrò ní gbangba oko ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là, kódà bí èèwọ̀ nìkan ló lé e wọlé. Abẹ́ igi ńlá, tí ọ̀pọ̀ ń sá sí, ló burú jù.

Mànàmáná kì í ju òkúta. Iná ẹlẹ́tíríìkì ni. Ó máa ń mú afẹ́fẹ́ gbóná tó nǹkan bí 30,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìlọ́po márùn-ún ooru ojú oòrùn, afẹ́fẹ́ tó bú gbàmù nítorí ooru yìí la sì ń gbọ́ bí àrá. Bó bá wọ inú yanrìn, ó lè yọ́ ọ di ọ̀pá gíláàsì oníhò. Àáké lásán ni ẹdùn àrá. Àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé ni wọ́n fọ́ òkúta líle, tí wọ́n lọ̀ ọ́ lórí òkúta mìíràn títí ẹnu rẹ̀ fi mú, tí wọ́n sì fi í bọ igi láti máa gégi. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw wa ilẹ̀ ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́. Ó bá egungun ènìyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún nísàlẹ̀. Nínú ìpele òkè, ìkòkò àti irú àáké dídán yìí wà. Nígbà tí àgbẹ̀dẹ gbòde, àáké òkúta di ohun àgbéjùnù, lẹ́yìn ìran mélòó kan kò sì sí ẹni tó rántí ẹni tó ṣe é.

Òjò ló wá so ó mọ́ àrá. Ìjì ńlá máa ń gbá iyẹ̀pẹ̀ orí ilẹ̀ lọ, ohun tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún á sì yọrí. Bí àgbẹ̀ kan ní Alajue, lágbègbè Ẹdẹ, bá lọ sóko ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí àrá sán, tó bá òkúta dídán ẹlẹ́nu mímú lórí ebè tí kò sí níbẹ̀ lánàá, kí ni ì bá tún rò? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Denmark rò nígbà kan, tí wọ́n máa ń fi tiwọn há òrùlé kí àrá má baà jó ilé. Ní ibòmíràn ní Yúróòpù nígbà náà, wọ́n máa ń we òwú mọ́ òkúta náà, wọ́n á sì fi síná. Bí òwú kò bá jó, ojúlówó ni. Òwú kì í tètè jó lóòótọ́, nítorí òkúta ń fa ooru kúrò lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ òkúta ẹ̀bá ọ̀nà. Ní 1723 ni Antoine de Jussieu fi àáké òkúta àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà wé òkúta àrá ti Yúróòpù níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris, láti fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe méjèèjì. Síbẹ̀, ní Kúbà, ẹdùn ṣì wà nínú abọ́ igi lórí odó, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹrú Yorùbá ṣe gbé e dé ibẹ̀.

Òkúta tó já láti òkè wà lóòótọ́. Ní ọjọ́ 3, oṣù Ọ̀wàwà, 1962, ọ̀kan bọ́ sí oko àgbàdo ní Zagami, ní ìpínlẹ̀ Katsina òní, kò jìnnà sí àgbẹ̀ kan. Ó wọ̀n tó kílò 18. Àyẹ̀wò fi hàn pé láti ara pílánẹ́ẹ̀tì Mars ló ti wá. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kò jọ ẹdùn àrá: èèpo dúdú tí iná jó ló bò ó lára, kò sì ní ẹnu tí ẹnikẹ́ni pọ́n.