Ìjà Ẹni-sí-Ẹni Nínú Old School RuneScape: Ìṣirò Ló Ń Borí, Kì Í Ṣe Ìyára Ọwọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa kà á ju kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ lọ, ọ̀rọ̀ tá a sọ lórí ètò náà rèé. A kọ ọ́ sílẹ̀ kí dátà yín lè pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè tá a fẹ́ tú wò lónìí nìyí: kí ló dé tí èèyàn méjì á wà ní ìpele kan náà, tí wọ́n á gbé idà kan náà, tí wọ́n á ru oúnjẹ kan náà, síbẹ̀ tí ọ̀kan á máa na èkejì bí ẹni ń lu bàtá? Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìyára ọwọ́ ni. Àwọn míì ní fóònù olówó ńlá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń borí mọ bí géèmù náà ṣe ń ka àkókò ni, ó sì ń fi ohun tó mọ̀ jà.

Géèmù tá a máa lò fi ṣàlàyé ni Old School RuneScape. Ìdí tá a fi yàn án ni pé ó wà lórí fóònù láti ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2018, èèyàn lè ṣe é láìsan kọ́bọ̀, kò sì nílò fóònù tó lágbára. Andrew Gower àti Paul, arákùnrin rẹ̀, ló gbé RuneScape àkọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kìíní ọdún 2001. Èyí tá à ń sọ yìí, ti Old School, jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2013, lẹ́yìn tí àwọn òṣèré géèmù náà dìbò pé bó ṣe rí ní 2007 làwọn fẹ́ kó padà rí.

Ibi tí ìjà wà jù ni wọ́n ń pè ní Wilderness. Aginjù ńlá ni, lápá àríwá ìlú Varrock àti Edgeville. Bí ẹ bá ti kọjá kòtò tó wà lẹ́nu ààlà, ẹni tí ìpele rẹ̀ bá sún mọ́ tiyín lè kọ lù yín. Bí ẹ bá ṣe ń wọ inú lọ ni ààyè ń gbòòrò sí i: ní ìpele 5 Wilderness, ẹni tó fi 5 jù yín lọ tàbí tó fi 5 kéré sí yín lè bá yín jà, ní ìpele 20, ó di 20.

Kí làdánù ibẹ̀? Bí ẹ bá kú láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ lu ẹnikẹ́ni, ẹrù mẹ́ta tó níye lórí jù ló máa ṣẹ́ kù fún yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ lu ẹni tí kò ṣe yín ní nǹkan kan, agbárí kan á yọ sókè orí yín. Bí ẹ bá kú pẹ̀lú agbárí yẹn, kò sí ẹyọ kan tó máa kù, àfi bí ẹ bá tan àdúrà tí wọ́n ń pè ní Protect Item, tó ń gba ẹyọ kan là. Ẹrù tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó jọ lè lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í ṣe eré lásán fún ẹni tó ń ṣe é. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹ jẹ́ ká wá èèkù idà.

Ohun àkọ́kọ́: tick

Géèmù yìí kì í ka àkókò bí aago ọwọ́ yín ṣe ń kà á. Kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ máa ń dúró, á kó gbogbo ohun tí gbogbo èèyàn tẹ̀ jọ, á wá ṣe gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yìí ni wọ́n ń pè ní tick, ìṣẹ́jú àáyá 0.6 ni. Ẹ fojú inú wo onílù kan tí kì í yára, tí kì í falẹ̀. Bó bá lu ìlù lẹ́ẹ̀kan, gbogbo agbo á gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹni tó ń tẹ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìlù méjì kò ṣe ju ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ìròyìn ayọ̀ lèyí jẹ́ fún àwa tá a wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Nínú géèmù tó jẹ́ pé ojú ẹsẹ̀ ló ń gba gbogbo nǹkan, ẹni tó jìnnà sí kọ̀ǹpútà náà ti pàdánù kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Níbí, bí ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ bá ti débẹ̀ kí ìlù tó dún, ẹ̀yin àti ẹni tó ń gbé ní London jọ ń jó ni. Ohun tó ń pa wá ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń wá, tó ń lọ. Nítorí náà, ẹ jókòó sójú kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dúró, ẹ má jà nínú dánfó tó ń sáré lórí Third Mainland. Bí ẹ bá sì fẹ́ wọlé, ẹ wo àsíá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ world kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì sún mọ́ wa ju Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà lọ.

Ohun kejì: ohun ìjà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ló ń dá yín dúró

Ibí yìí gan-an ni àṣírí wà, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ohun ìjà kọ̀ọ̀kan ní iye tick tó gbọ́dọ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó lè kọ lu èèyàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Maple shortbow, ìyẹn ọrun kékeré, bí ẹ bá yí i sí rapid, tick 3 ni, ìṣẹ́jú àáyá 1.8. Rune scimitar jẹ́ tick 4, ìṣẹ́jú àáyá 2.4. Rune 2h sword, idà ńlá olọ́wọ́ méjì, tick 7 ni, ìṣẹ́jú àáyá 4.2. Idà ńlá yìí falẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá balẹ̀, ó ń dun ni.

Ẹ wá gbọ́ o. Ìdúró yẹn, ohun ìjà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò tán ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lò. Bí ẹ bá ta ọfà, lẹ́yìn tick 3 péré lẹ lè fi idà ńlá ṣá a. Ẹ ò ní san gbèsè idà ńlá náà títí tó fi máa balẹ̀ tán. Ọfà sì máa ń pẹ́ díẹ̀ lójú afẹ́fẹ́ kó tó débi tó ń lọ. Nítorí náà, ẹni tẹ́ ẹ ń bá jà á rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ nítorí ọfà, kó tó pinnu pé kóun jẹun, idà ti dé.

Ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù 30. Lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí ọfà lásán kò lè pa á. Ọfà yín gba 8, ó ku 22. Idà ńlá tẹ̀ lé e, ó gba 22. Ó tán. Kò sí ìyára ọwọ́ kankan níbẹ̀, ẹ kàn ti mọ̀ pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dé 30 ni kẹ́ ẹ yọ idà.

Ṣùgbọ́n bí idà náà kò bá pa á ńkọ́? Ẹ ti wọ gbèsè tick 7 nìyẹn, ó sì lè kọ lù yín lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tún lè gbéra. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í yọ idà ńlá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀tá ṣì kún. Yóò máa ta ọfà, yóò máa ṣọ́ iye ẹ̀jẹ̀ náà.

Ohun kẹta: oúnjẹ ní iye tó ń náni

Àyè 28 péré ló wà nínú àpò yín. Swordfish kan ń dá ẹ̀jẹ̀ 14 padà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ ọ̀kan, ìkọlù yín tó kàn á sún sẹ́yìn ní tick 3. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń jẹun kò lè máa jà. Bí ẹ bá ń jẹun nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yín ṣì pọ̀, ẹ ń fi oúnjẹ ṣòfò, ẹ tún ń fún ọ̀tá láyè kó máa lù yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Òfin tó rọrùn rèé: ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ṣírò ohun tó pọ̀ jù tí ọfà àti idà rẹ̀ lè gbà pa pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín lọ sísàlẹ̀ iye yẹn. Bó bá lè gba 35, kẹ́ ẹ jẹun ní 35. Ẹ má jẹun ní 60 nítorí ìbẹ̀rù, ẹ má sì dúró di 20 nítorí ìgboyà.

Ohun kẹrin: àdúrà

Àdúrà mẹ́ta ló ń dáàbò boni: Protect from Magic fún idán, ní ìpele 37, Protect from Missiles fún ọfà, ní ìpele 40, Protect from Melee fún idà, ní ìpele 43. Bó bá jẹ́ èèyàn lẹ̀ ń bá jà, èyí tó bá ṣe wẹ́kú nínú wọn ń yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ìyà náà.

Ohun tí àwọn tuntun ń ṣe ni pé wọ́n á dúró kí wọ́n rí idà lọ́wọ́ ọ̀tá kí wọ́n tó yí àdúrà padà. Ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á yọ idà, á sì ṣá yín nínú tick kan náà. Ẹ má wo ọwọ́ rẹ̀ nìkan, ẹ̀jẹ̀ yín gan-an ni kẹ́ ẹ wò. Bó bá ti dé ibi tí ọfà àti idà lè fi pa yín, ẹ mọ̀ pé idà ló ń bọ̀, kẹ́ ẹ yí i sí Melee kó tó yọ ọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹ tún fóònù yín ṣe

Ohun mẹ́ta péré. Àkọ́kọ́, ẹ wọ inú sẹ́tíǹgì, ẹ wá Player Attack options, ẹ yí i sí "Left-click where available". Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò ṣe ní máa tẹ ọ̀tá mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí ibi tí wọ́n kọ Attack sí. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tẹ̀ ẹ́. Èkejì, ẹ to quick-prayers yín sílẹ̀, kó lè jẹ́ pé ìtẹ̀ ẹyọ kan lára àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ilẹ̀ ló máa tan àdúrà. Ẹ̀kẹta, ẹ to àpò yín: ọrun, idà àti ohun tẹ́ ẹ ń pààrọ̀ kó wà níbi tí àtàǹpàkò ọ̀tún yín ti lè dé láìwò ó, oúnjẹ kó wà nísàlẹ̀ wọn. Ẹ má yí ètò yìí padà láéláé. Ọwọ́ ni yóò kọ́ ọ, kì í ṣe ojú.

Ẹ mọ ìsá

Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ogun lọ. Bó bá ku oúnjẹ mẹ́rin lọ́wọ́ yín tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀tá ṣì kún, ìjà ti parí, ẹ máa lọ. Ẹ pa Auto Retaliate kí òṣèré yín má baà máa yíjú padà láti jà nígbà tẹ́ ẹ ń sá. Ẹ sá lọ sí gúúsù, torí pé ibẹ̀ ni ẹnu ààlà wà. Bí ẹ bá ti kọjá ìpele 20, ọ̀pọ̀ idán tó ń gbéni lọ sílé kò ní ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má wọ inú jìnnà nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ẹ má sì rò pé pípa dátà lè gbà yín là. Bí ìjà bá ń lọ lọ́wọ́, òṣèré yín á ṣì dúró síbẹ̀, ọ̀tá á sì máa lù ú.

Níbo la ti ń kọ́ ọ?

Ìdíje kan wà nínú géèmù náà tó ń jẹ́ Last Man Standing. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fún yín ní ohun ìjà àti oúnjẹ, ẹrù tiyín kò sì sí nínú ewu. Ẹni tó jà ní ogún ìgbà níbẹ̀ á gbọ́n ju ẹni tó fi oṣù kan sá kiri nínú Wilderness lọ. Ẹ jẹ́ kí fóònù yín máa gba fídíò ìjà náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó, kẹ́ ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: èló ni ẹ̀jẹ̀ mi nígbà tí mo jẹun? Èló ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí mo yọ idà? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo dúró láìṣe nǹkan kan nígbà tí mo lè kọ lù ú? Ẹ tún ẹyọ kan ṣe lọ́sẹ̀ kan. Ẹ má gbìyànjú àti tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá ṣetán láti wọ Wilderness, ẹ mú ohun tẹ́ ẹ lè rà padà lẹ́ẹ̀márùn-ún láìsunkún. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ẹrù òun á lọ kì í ronú dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "tẹ̀ lé mi wá sínú Wilderness, mo fẹ́ fún ọ lówó," ẹ má lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lúgọ síbẹ̀. Bí ẹ bá sì pàdánù ẹrù, ẹ má lọ fi náírà ra gold lọ́wọ́ àjèjì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin géèmù náà kò gbà á, wọ́n lè ti àkántì yín pa, kí gbogbo iṣẹ́ yín sì di asán. Òwò yìí gan-an ló mú kí ilé-iṣẹ́ tó ni RuneScape fòpin sí ìjà inú Wilderness ní oṣù kejìlá ọdún 2007. Ọdún 2011 ni wọ́n tó dá a padà.

Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ kò pọ̀: ẹ ka ìlù, ẹ ka ẹ̀jẹ̀, ẹ ka oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ máa lọ. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí báńtírì yín má kú láàárín ìjà.