Kí Ògiri Ilé Wa Má Ṣe Lanu: Ààbò fún Ọmọ Lọ́wọ́ Oògùn Olóró àti Ẹgbẹ́ Òkùnkùn

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Oògùn olóró àti ẹgbẹ́ òkùnkùn kì í ṣàdédé já ilẹ̀kùn gba ọmọ lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Ibi tí ògiri ilé ti là ni wọ́n ń gbà wọlé. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin baba àti ẹ̀yin alágbàtọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọmọ ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ìwádìí kan tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, fi hàn pé ó tó mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 sí 64, tí wọ́n lo oògùn olóró tàbí tí wọ́n ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó léwájú, pẹ̀lú ènìyàn 33 nínú 100; ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ 23 nínú 100. Nínú ẹni mẹ́rin tí ń lò ó, ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Ẹ kíyè sí ọmọbìnrin yín pẹ̀lú.

Ohun tí wọ́n ń lò

Igbó ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. A máa ba ọpọlọ ọmọ tí ó ṣì ń dàgbà jẹ́. Ẹ̀kọ́ kì í wọ̀ ọ́ lórí mọ́, orí àwọn mìíràn sì ń dàrú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń tan òbí jẹ ni oògùn tí dókítà pàápàá ń lò fún ìtọ́jú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tí kódéènì wà nínú rẹ̀ àti kíkó o wọ̀lú. Tramadol, tí ó wà fún ẹni tí ìrora líle ń bá jà, ni àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ń gbé mì láìsí àìsàn kankan lára wọn. Kódéènì àti tramadol a máa dín mímí kù. Bí wọ́n bá pọ̀ lára, tàbí bí a bá fi ọtí lé wọn, èémí lè dá. Tramadol tún lè fa gìrì. Àwọn ọmọ mìíràn sì ń fa òórùn àtè tí a fi ń lẹ táyà àti bàtà.

Ohun tí ọmọ ń wá nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn

Nígbà kan, ọ̀rọ̀ yunifásítì nìkan ni a ka èyí sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Lónìí, wọ́n ti dé ilé ìwé girama àti àdúgbò wa. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2021 lè rán ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ yọ̀ǹda ilé rẹ̀ fún ìpàdé wọn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 15 jura.

Kí ni ọmọ ń wá lọ síbẹ̀? Ààbò lọ́wọ́ àwọn tí ń fìyà jẹ ẹ́, iyì láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, owó, àti ẹni tí yóò fetí sí i. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ni ilé lè fún un.

Ohun tí òbí lè ṣe

Ẹ máa bá ọmọ jẹun, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀ tán kí ẹ tó bá a wí. Ẹ mọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ilé tí wọ́n ti wá. Ìyá tí ń lọ sí ọjà ní kùtùkùtù, tí kì í dé títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kí ó fi ojú ọmọ han aládùúgbò tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ọmọ bá ní wọ́n ń halẹ̀ mọ́ òun nílé ìwé, ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó lọ gbẹ̀san. Ẹ lọ rí ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ ti oògùn inú ilé mọ́nú àpótí, kí ẹ sì mọ iye rẹ̀. Ẹ má ṣe rán ọmọ lọ ra sìgá tàbí paraga.

Ẹ ṣọ́ra bí owó bá ń sọnù nílé, bí ojú ọmọ bá ń pọ́n, bí ó bá ń sùn lọ́sàn-án tí kì í sùn lóru, bí ó bá fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, bí ó bá ní ọgbẹ́ tí kò lè ṣàlàyé, tàbí nǹkan olówó iyebíye tí ẹ kò rà fún un. Àmì kan ṣoṣo kò tó láti dá ọmọ lẹ́bi. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ béèrè pẹ̀lú sùúrù.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ṣẹlẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìṣe. Ìbínú a mú wọn, wọn a lé ọmọ jáde. Níbo ni yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí kò ṣe lọ́dọ̀ àwọn tí ó fún un ní oògùn? Ọmọ kì í burú burú kí a lé e fún ẹkùn pa jẹ. Àìsàn ni kí oògùn di bárakú síni lára. Ìtọ́jú sì wà fún un. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ó wà ní Àró, Abẹ́òkúta, àti èyí tí ó wà ní Yábàá, Èkó, ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Àjọ NDLEA náà ní àwọn olùdámọ̀ràn. Ẹ má ṣe fi ẹ̀wọ̀n de ọmọ mọ́lẹ̀. Bí ó bá ti wọ ẹgbẹ́, ẹ má ṣe dá lọ kojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ilé ìwé àti ọlọ́pàá.

Bí ẹ bá bá ọmọ tí ó dákú lẹ́yìn tí ó lo oògùn, ẹ má ṣe da epo pupa, mílíìkì tàbí omi sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ mú ìgò tàbí páálí oògùn náà dání, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún dókítà. Ìtìjú kò gbọdọ̀ pa ọmọ wa.

Ní alẹ́ òní, kí oúnjẹ tó kúrò níwájú, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín ibi tí ó lọ àti ẹni tí ó bá rìn. Ẹ tún béèrè lọ́la. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ilé ń retí òun kì í yá lọ sọ́wọ́ àwọn tí ń dúró ní ìkóríta.